Bí Mo Ṣe Wá Ẹni Tó Ń Fa Iṣẹ́ Sẹ́yìn Nínú Igbó Ìṣirò

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará Ìlẹ̀dú. Ẹni tó wà lẹ́yìn kó súnmọ́ iwájú, nítorí ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́ bíi ti àtijọ́, mi ò sì ní sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹ gbọ́ lọ́dọ̀ yín pé ọdẹ kan wà ní Ìdí-Òro tó wọ inú ẹ̀rọ lọ tó sì padà jáde. Èmi náà nìyí. Ọdẹ́níran ni orúkọ mi, ọmọ Ọdẹ́gbàmí tó fi ọta kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọta méjì ni, ìlara ló ń ṣe é.

Kí n tó wọ igbó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lé mi wọ̀ ọ́. Ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ló ń lé e.

Odò Àwẹrẹ ni odò wa. Orí àwọn òkè tí ojú wa kò tó ni òjò rẹ̀ ti ń rọ̀, bí òjò ńlá bá sì rọ̀ níbẹ̀, wákàtí mẹ́rin ni omi fi ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùnní. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó padà wálé, ó kọ ètò kan sínú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ yóò gba iye òjò tó rọ̀ lókè, yóò ṣírò rẹ̀, yóò sì sọ bí omi yóò ṣe ga tó àti ilé tí yóò wọ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: wákàtí méje ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣírò.

Ẹ ti rí i báyìí. Omi á dé ní wákàtí mẹ́rin, ìdáhùn á dé ní wákàtí méje.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìbídùnní jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń wojú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, omi sì ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ènìyàn méje ni omi gbé lọ. Àṣàkẹ́ ìyàwó mi dì mọ́ ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí wọ́n fi yọ ọ́ ní ìsàlẹ̀ odò, ṣùgbọ́n igi kan ti gbá a lẹ́sẹ̀ nínú omi, láti ọjọ́ náà ló ti ń tiro. Nígbà tí omi fà tán, tí a ń wá òkú nínú ẹrọ̀fọ̀, ni ẹ̀rọ tó pọ ìwé jáde. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé omi ń bọ̀, kí gbogbo ènìyàn sá. Ìbídùnní ka ìwé náà, ó jókòó lórí àtẹ̀gùn. Kò sunkún. Kò sì jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìlú bínú. Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò tọdún yìí kù sí dẹ̀dẹ̀, Baálẹ̀ Ògúnjìnmí pe ìpàdé. Baálẹ̀ wa kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò rẹ̀ wà nínú àwọn méje náà. Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí òjò dé. Bí ẹ̀rọ náà kò bá kọ́ eré sísá láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, òun yóò jù ú sínú Àwẹrẹ, kí ẹni tó kọ ọ́ náà sì wá ìlú mìíràn gbé. Kò sẹ́ni tó ta kò ó.

Ìbídùnní wá bá mi nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde, kò dìde.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹnìkan wà nínú iṣẹ́ yẹn tó ń fa gbogbo wọn sẹ́yìn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ti méfò títí ó ti sú mi. Ibi tí mo bá fọwọ́ kàn, ibẹ̀ kọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ ipasẹ̀ tọ̀. Ẹ bá mi tọ ti ẹni yìí."

Mo wo Àṣàkẹ́. Ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ lọ sídìí ààrò. Mo dìde, mo gbé ìbọn.

Lẹ́yìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, òkìtì ikán kan wà tí wáyà ẹ̀rọ gba àárín rẹ̀ kọjá wọ inú ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù ń ti ojú rẹ̀ jáde tọ̀sán-tòru. Bàbá mi ti kọ́ mi láti kékeré pé òkìtì tó bá ń mí, ilẹ̀kùn ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó kù sí mi lọ́wọ́ ni mo sọ sí i. Ẹ má retí kí n sọ wọ́n níbí, ilẹ̀ tí ẹ jókòó lé yìí yóò lanu. Òkìtì là. Ara mi fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, mo wọlé.

Igbó Ìṣirò nìyẹn. Mo ti rí igbó, igbó ti rí mi, ṣùgbọ́n mi ò rí irú rẹ̀ rí. Kò sí oòrùn níbẹ̀, kò sì sí òkùnkùn. Àwọn igi rẹ̀ tò lọ gbọọrọ bí ebè, nọ́ńbà ló sì wà lára ewé kọ̀ọ̀kan. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, àwọn nọ́ńbà á fò láti ewé sí ewé, wọ́n á ro ara wọn pọ̀, wọ́n á dákẹ́. Àwọn iwin ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín igi, kálukú gbé igbá lérí, nọ́ńbà sì ni ohun tó wà nínú igbá wọn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè là yín lóye nípa nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Kì í ṣe irú èyí tí a fi ń ka ewúrẹ́. Àmì kékeré kan, tó tó ojú abẹ́rẹ́, wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Odidi ń bẹ lọ́wọ́ òsì àmì náà, èérún ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún. Òjò kì í rọ̀ ní odidi, odò kì í sì í kún ní odidi, nítorí náà ìṣirò eléèérún ni gbogbo iṣẹ́ wọn. Èérún le ju odidi lọ. Ẹni tó bá ti pín ẹran fún ìyàwó méjì rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní ẹnubodè, ìyá arúgbó kan jókòó sórí òkúta. Kò ní ojú níwájú orí. Inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà, ó sì na ọwọ́ sí mi kó lè rí mi. Ó bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo gbé àyà sókè, mo ní èmi Ọdẹ́níran, mo wá pa ẹni tó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn nínú igbó yìí.

Ó ní, "Dá mi lóhùn kí o tó kọjá. Nínú ilé kan, ẹnìkan ń pariwo, ẹnìkan ń làágùn, gbogbo ilé sì ń dúró de ẹnìkan. Ta ló ń jẹ àkókò ilé náà?"

Èmi tí àlọ́ kì í ṣẹ́gun, mo ní aláriwo ni. Ó na ìka sí ìbọn mi, ẹnu ìbọn náà ká bí ìgbín. Ó tún béèrè. Mo ní ẹni tó ń làágùn ni. Ó na ìka sí àpò mi, àpò náà di òkúta, ó sì wọ́ mi lulẹ̀. Nígbà tó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ara mi sì ti rọ̀. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ kan tí gbogbo wa fẹ́ lọ sóko, tí àna mi kan wọ balùwẹ̀ tí kò jáde. Kò pariwo, kò làágùn, ṣùgbọ́n òun ló jẹ gbogbo àárọ̀ wa. Mo dá ìyá náà lóhùn pé ẹni tí wọ́n ń dúró dè ni.

Ó gba ìbọn àti àpò náà lọ́wọ́ mi, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí mo ṣe ń kọjá ló sọ fún mi pé kí n má fi etí wá ẹni náà, kí n má sì gba ẹ̀sùn ẹnikẹ́ni gbọ́. Kíkà ni kí n kà á. Ọ̀rọ̀ náà wọ etí mi ọ̀tún, ó jáde ní ti òsì. Òmùgọ̀ ni mí nígbà yẹn.

Nítorí mi ò rìn jìnnà tí mo fi rí Agbẹ́rùbíòkè. Òmìrán ni. Òun ló ń ru àkọsílẹ̀ òjò láti inú àká wá fún àwọn tó ń ṣírò. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan, ilẹ̀ á mì. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ìṣàn omi orí àpáta. Gbogbo iwin tí mo bi léèrè ló nawọ́ sí i. Wọ́n ní ẹ wo bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀, ẹ wo bó ṣe sanra tó, òun ni. Inú mi dùn. Mo ní ẹran ti yọjú. Mo ká aṣọ mi sókè, mo bọ́ síwájú rẹ̀, mo dì mọ́ ọn nídìí.

A jà. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ó gbé mi jù sórí igi lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bí ológbò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin mo rí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá mú, mo fà á, ó ṣubú bí ògiri. Mo jókòó lé e láyà. Mo retí kí iṣẹ́ igbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Kò sáré. Kò sì falẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Igbá tí àwọn iwin ń tò sílẹ̀ ṣì ń tò síbi kan náà, wọ́n ń dúró.

Òmìrán náà wò mí láti ilẹ̀. Kò bínú rárá. Ó ní, "Ọdẹ, o ti dá mi dúró fún wákàtí kan. Ṣé iṣẹ́ dúró?"

Mo wò yíká. Iṣẹ́ kò dúró. Ohun tó ti rù sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò tíì tán níwájú wọn. Ojú tì mí. Mo sọ̀kalẹ̀ láyà rẹ̀, mo gbọn ekuru ẹ̀yìn rẹ̀ nù, mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó ń lọ.

Ẹ̀yin rò pé mo ti gbọ́n. Mi ò tíì gbọ́n. Ohun tí mo tún ṣe ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ̀dọ̀ iwin kan sí èkejì, mò ń bi wọ́n pé báwo ni iṣẹ́ tiwọn ṣe ń pẹ́ tó. Àwọn aròpọ̀ sọ igbá sílẹ̀ kí wọ́n lè dá mi lóhùn. Àwọn tó ń sọ nọ́ńbà di púpọ̀ sọ igbá sílẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ṣàlàyé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí mo ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń kú lẹ́yìn mi. Kò pẹ́, igbá kún ojú ọ̀nà débi pé kò sí ibi tí ènìyàn lè gbẹ́sẹ̀ lé. Ìyá ẹnubodè ránṣẹ́ sí mi pé nínú gbogbo ohun tó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn nínú igbó yìí, èmi ni mo wá di olórí wọn.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi lẹ́nubodè ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lára. Ọdẹ tó bá fẹ́ mọ ìrìn ẹran kì í bá ẹran rìn. Mo gun igi kan tó ga ju gbogbo igi lọ, mo fara pamọ́ sáàárín ewé, mo pa ẹnu mọ́. Ẹyẹ kan wà lókè igi náà tó ń ké ní ìwọ̀n kan náà láìyẹ̀. Kì í yá, kì í pẹ́. Mo tẹ́ igbá mẹ́rin sórí ẹ̀ka níwájú mi: ti Agbẹ́rùbíòkè, ti àwọn aròpọ̀, ti àwọn tó ń sọ nọ́ńbà di púpọ̀, àti ti ahéré kékeré kan tó wà ní ẹ̀yìn igbó, tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún mi rí. Mo sì kó òkúta wẹ́wẹ́ sí itan. Bí ẹyẹ bá ké, mà á bojú wolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mà á wo ọ̀dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ wà ní ìṣẹ́jú àáyá náà, mà á ju òkúta kan sínú igbá onítọ̀hún. Mi ò béèrè ohunkóhun. Mi ò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹyẹ ń ké, òkúta ń bọ́.

Ẹyẹ náà ké nígbà ọ̀ọ́dúnrún. Mo ka òkúta. Mẹ́sàn-án péré ló wà nínú igbá òmìrán tí gbogbo ayé ń fẹ̀sùn kàn. Mọ́kànlélógún jẹ́ ti àwọn aròpọ̀, ọgbọ̀n jẹ́ ti àwọn tó ń sọ ọ́ di púpọ̀. Igbá ahéré kékeré yẹn kún, ó ṣàn sílẹ̀. Òjìlúgba.

Mo tún un kà, torí mo rò pé ojú mi ń ṣe mí. Òjìlúgba ni. Nínú ìgbà márùn-ún tí ẹyẹ bá ké, ìgbà mẹ́rin ni gbogbo igbó ń dúró de ahéré tí mi ò ka sí. Mo yọ àdá mi, mo sọ̀kalẹ̀.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé. Baba arúgbó kan tó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀ wà nínú kòtò tó jìn bíi kànga, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ọkọ́ dígí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń walẹ̀. Awàgbòǹgbò ni orúkọ rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ni yóò wà jáde. Gbòǹgbò nọ́ńbà ni èyí tó jẹ́ pé bí a bá fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, nọ́ńbà tí a gbìn ló máa hù padà: gbòǹgbò mẹ́rìndínlógún ni mẹ́rin. Èyí rọrùn. Ṣùgbọ́n méjì ló wà lọ́wọ́ baba náà lọ́jọ́ yẹn, gbòǹgbò méjì kò sì ní òpin. Mo gbọ́ tó ń kà á bó ṣe ń walẹ̀: ọ̀kan, àmì, mẹ́rin, ọ̀kan, mẹ́rin, méjì, ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́fà, méjì, mẹ́ta... Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Lẹ́yìn ahéré, igbá tó ń dúró dè é tò lọ títí ojú mi kò fi rí òpin wọn.

Mo wá pa ọ̀lẹ ni. Kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀. Mo ti àdá bọ inú àkọ̀.

Mo bi í pé, "Bàbá, ibo lẹ ń wà á dé?"

Ó ní, "Dé ìsàlẹ̀."

"Ẹ ti kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí?"

Ó gbé ọkọ́ dúró díẹ̀. "Rárá. Ẹni tó rán mi ní kí n wá gbòǹgbò. Kò sọ ibi tó ti tó fún mi. Ọgọ́ta èérún ni mò ń wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí apá mi tó kọ̀."

Mo jókòó sí etí kòtò náà. Mi ò lè sọ fún yín bó ṣe rí lára mi. Kí ènìyàn ṣiṣẹ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, kó sì jẹ́ pé òun gan-an ni ìlú ń tìtorí rẹ̀ kú, láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀yájú mi kò tíì tán. Mo ní ọ̀rọ̀ ti rọrùn. Mo sọ fún un, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé bó bá ti dé ìdí àmì, kó dúró níbẹ̀, kó má wa èérún kankan mọ́. Ó wò mí tìyanutìyanu, ó ṣe bí mo ṣe wí. Ẹ wá wo eré. Igbá ń fò bí eṣú. Ẹ̀rù ba àwọn aròpọ̀ fúnra wọn. Mo ju fìlà mi sókè, mo jó lọ síbi kan tí wọ́n ń pè ní Pápá Dígí, níbi tí ojú ọ̀run igbó náà ti jẹ́ dígí. Bí ẹ bá gbójú sókè níbẹ̀, ojú Ìbídùnní lẹ máa rí, ó fẹ̀ bí òṣùpá, nítorí dígí ẹ̀rọ rẹ̀ ni ọ̀run wọn. Bó bá tẹ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á máa já bọ́ lé wa lórí bí ewé. Bí èmi bá sọ̀rọ̀ ní tèmi, yóò hàn lójú dígí níwájú rẹ̀.

Mo kígbe sí i pé ó ti parí. Ó ní kí n ní sùúrù. Ó gbé òjò ọdún tó kọjá fún ẹ̀rọ, èyí tí gbogbo wa mọ ibi tí omi rẹ̀ dé, nítorí àmì rẹ̀ ṣì wà lára ògiri Baálẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Kíá ni ìdáhùn jáde. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lé mi lórí, mo kó wọn jọ, mo kà wọ́n.

"Bàbá mi, ó yá, ṣùgbọ́n irọ́ ló pa. Ó ní omi kò ní dé ọjà. Bí a bá gba èyí gbọ́, inú ilé ni gbogbo wa máa jókòó sí títí omi á fi bò wá. Kí lẹ ṣe?"

Mo jẹ́wọ́ fún un, mo sì sọ ohun gbogbo tí mo rí: òkúta òjìlúgba, kòtò, ọgọ́ta èérún, àtẹ́lẹwọ́ tó bó. Èérún tí mo ní kí wọ́n dà nù ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ti di odindi odò. Iṣẹ́ tó pẹ́ tí kò parọ́ ti pa ènìyàn méje; èyí tó yá tó sì parọ́ ì bá pa gbogbo wa.

Lẹ́yìn náà ewé tún bọ́, wọn kò pọ̀.

"Èmi ni mo rán an níṣẹ́ tí mi ò sọ ibi tí yóò dúró. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tirẹ̀."

Ó wá ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ìka ọwọ́ kan ni ìwọ̀n tó kéré jù lára òpó tí a fi ń wọn odò. Kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ fi ọgọ́ta èérún ṣe? Ó ní kí baba náà dán èérún méjì wò. Omi ẹ̀rọ kò dé ògiri Baálẹ̀. Ó ní mẹ́ta. Ó dé ìpìlẹ̀. Ó ní mẹ́rin. Omi ẹ̀rọ gun ògiri, ó dúró lábẹ́ fèrèsé, lórí àmì gan-an. Ó dán márùn-ún wò, ó dán mẹ́wàá wò, omi kò yẹ̀ kúrò lójú kan náà. Ó gbé òjò ọdún mẹ́ta mìíràn fún un, gbogbo rẹ̀ bá àmì mu. Nígbà náà ló ní kí n lọ sọ fún un.

Mo lọ bá Awàgbòǹgbò. Mo ní, "Bàbá, ẹni tó rán yín ní kí n kí yín. Ó ní mẹ́rin ti tó."

Ó ní, "Tún un sọ."

Mo ní, "Ó tó."

Ó fi ọkọ́ ti ara kòtò. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo gbọ́ bí eegun rẹ̀ ṣe ń dún, ó dúró ṣánṣán bí ọ̀pẹ. Ó ga ju mi lọ. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó mí èémí kan tó mi gbogbo ewé igbó náà, ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ padà, èérún mẹ́rin, èérún mẹ́rin, ó sì ń kọrin.

Orin náà kò tíì dé àárín tí ojú ọ̀run fi ṣú. Ewé ń bọ́ wọ̀ọ̀: òjò ti bẹ̀rẹ̀ lórí òkè, ọjọ́ méjì ṣáájú èyí tí Baálẹ̀ dá. Ìbídùnní ní òun ti gbé e fún ẹ̀rọ. Eléyìí kì í ṣe ìdánwò mọ́.

Agbẹ́rùbíòkè gbé àkọsílẹ̀ òjò náà wá, ó sáré, ilẹ̀ ń mì. Àwọn aròpọ̀ gbà á, àwọn tó ń sọ ọ́ di púpọ̀ gbà á, ó dé ọ̀dọ̀ Awàgbòǹgbò, kò dúró níbẹ̀. Mo jókòó sórí igi mi, mò ń ka igbe ẹyẹ pẹ̀lú ìka, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ Àṣàkẹ́ tí kò lè sáré. Nígbà tí wákàtí kan àbọ̀ pé, ìdáhùn gòkè lọ sójú dígí. Mo rí ojú Ìbídùnní tó ń kà á. Lẹ́yìn náà mi ò rí i mọ́. Àga òfìfo ló kù níbẹ̀.

Mo sáré. Ìyá ẹnubodè na ìbọn àti àpò mi sí mi, méjèèjì ti padà sí bí wọ́n ṣe wà, n kò dúró kí n dúpẹ́ dáadáa. Ọ̀nà àbọ̀ kò rí bí ọ̀nà àlọ. Bí mo bá rìn ìrìn kan, àwọn igi á tún tò síwájú mi ní ìlọ́po méjì, mo sì ní láti ka gbogbo wọn kí wọ́n tó yà fún mi. Ó pẹ́. Nígbà tí òkìtì ikán là tó sì pọ̀ mí jáde, omi dé mi láyà.

Ìdí-Òro dákẹ́. Odó kan ń léfòó lórí omi. Adìyẹ kan dúró sórí òrùlé ilé ìyá aláṣọ. Mo pe Àṣàkẹ́, ohùn mi lọ, ó padà wá bá mi. Mo wẹ̀ dé ilé wa. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sẹ́nì kankan nínú ilé, ọ̀pá rẹ̀ sì léfòó nídìí ààrò. Ẹ̀yin ènìyàn mi, Àṣàkẹ́ kì í gbé ẹsẹ̀ láìsí ọ̀pá yẹn. Mo dì í mú. Mo ti bá ẹkùn jà, mo ti bá iwin jà, èmi kan náà ló gbá ọ̀pá igi mọ́ àyà. Mo ní ìdáhùn náà tún ti pẹ́.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé imú mi. Àgbàdo tí wọ́n ń sun. Mo gbójú sókè, mo rí èéfín tó ń gòkè lórí Òkè Àgbọ́n, mo sì gbọ́ ewúrẹ́, mo gbọ́ ọmọdé tó ń bínú sí ọmọdé kejì.

Mi ò mọ bí mo ṣe gun òkè náà. Gbogbo ìlú wà níbẹ̀. Wọ́n ti ka ara wọn ní agbo ilé ní agbo ilé, ó pé. Káfíńtà wa ló gbé Àṣàkẹ́ pọ̀n, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá rẹ̀ fi kù nílé. Ó jókòó ti iná, ó ń yí àgbàdo padà. Ó wo omi tó ń kán lára mi, ó wo ọ̀pá lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "O pẹ́."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi, mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe. Ó ṣẹ́ àgbàdo sí méjì, ó fi ìlàjì sí mi lọ́wọ́.

Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni mo béèrè Ìbídùnní. Wọ́n nawọ́ hàn mí. Lórí ilẹ̀ lásán ló sùn sí, láàárín ewúrẹ́ àti ìkòkò, ìwé ìdáhùn náà wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní òun ló fi ìwé náà kó gbogbo ìlú gòkè, bó sì ṣe ka agbo ilé tó gbẹ̀yìn tán ló sùn lọ, láìtẹ́ nǹkan. Òjò wẹ́wẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Baálẹ̀ Ògúnjìnmí fúnra rẹ̀ ló dúró tì í, ó ya agbòjò bò ó lórí, òjò sì ń pa òun alára. Mo lọ bá a, mo wárí, mo ní kí Baálẹ̀ jọ̀wọ́ jẹ́ kí n gba agbòjò náà dì mú, torí àgbàlagbà ni wọ́n.

Ó mi orí. Ó rọra sọ̀rọ̀ kó má baà jí i.

"Jẹ́ kí n dì í mú," ó ní. "Kò tíì rẹ̀ mí."

Ibẹ̀ ni mo bá wọn, ẹ̀yin ará Ìlẹ̀dú, ibẹ̀ náà ni mo sọ ẹrù ọ̀rọ̀ kalẹ̀ sí. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kó na ẹsẹ̀ rẹ̀.